Ògiri Pupa Ìyá Ṣọlápé

Láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n wá gba ilé lọ́wọ́ Èyítọ́pẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ilẹ̀kùn nìkan kọ́. Ó gba báàgì lọ́wọ́ obìnrin tó kọ́kọ́ wọlé, ó fi etí ìró nu àga tí kò ní eruku kankan, ó bu omi tútù, ó sì sáré wọ ilé ìdáná lọ wo abọ́ àkàrà. Ó yọ ti ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wo ti ọkọ rẹ̀ tìkà-tàánú, ó sì dà á mọ́ ti àlejò. Ọkọ kò tíì dé, ebi rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Àlejò ti dé, ebi tirẹ̀ ti jókòó.

Kí ẹnikẹ́ni má bú u. Ìṣe ẹgbẹ́ ni. Ní Iyaro, Ẹgbẹ́ Ọmọ Yorùbá ní òfin kan tí wọn kò kọ síbì kankan: bí iṣẹ́ bá gbé ọmọ wa kan wá sí Benin, akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò mú un yí ilé mẹ́ta mẹ́rin ká ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó lè mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn lọ́jọ́ tí orí bá ń fọ́ ọ. Ilé tí wọ́n bá dé, oúnjẹ ni wọn ó kọ́kọ́ bá. A kì í bi irú àlejò bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tó bá wá títí yóò fi jẹun tán. Nítorí náà, nígbà tí Àkànní, akọ̀wé ẹgbẹ́, yọrí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ aṣọ báǹkì, tó ní, "Màmá Ṣọlá, ẹ ṣí fún wa, mo mú ọmọ ìyá wa kan wá," kí ni kí Èyítọ́pẹ́ tún máa bi í?

Àkànní kan náà yìí ló ń bá láńlọ́ọ̀dù mójú tó ilé. Òun ló bá wọn rí i lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ògiri rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó jẹ́ ará, ó jẹ́ akọ̀wé, ó jẹ́ alágbàtọ́ ilé: ẹni mẹ́ta nínú ṣòkòtò kan ṣoṣo.

Orúkọ àlejò ni Olúwakẹ́mi. Àkúrẹ́ ni báǹkì ti gbé e wá. Ó jẹ àkàrà kan, ó mu ẹ̀kọ díẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ògiri pálọ̀.

"Àǹtí, irú ọ̀dà wo nìyí? Mi ò rí àwọ̀ yìí rí."

Láti ọjọ́ tí Èyítọ́pẹ́ ti kun ògiri náà ló ti ń retí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè yìí. Àwọn ará ilé kàn ń gba iwájú rẹ̀ kọjá bí ẹni tí ń lọ sí ilé ìwẹ̀. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó tún gèlè so.

"Ọ̀dà kọ́, àbúrò mi. Ilẹ̀ Benin tí ẹ tẹ̀ wọlé yẹn ni. Mo wà á lẹ́yìnkùlé, mo sá a gbẹ, mo jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù káfíńtà díẹ̀. Bí ògiri ilé bàbá mi ṣe rí ní Ìdànrè nìyẹn. Ojú mi fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ọ̀dà inú agolo lọ. Ẹ dìde, ẹ wá wo ti yàrá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la kun ìyẹn. Bàbá Ṣọlápé ló jọ erùpẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni ìpéǹpéjú wọn fi pupa bí ogbe àkùkọ."

Bí ó ṣe di olùfinimọ̀nà nínú ilé ara rẹ̀ nìyẹn. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Ekiosa, aṣọ ọmọléèwé ló sì ń rán jù. Àgékù aṣọ tí àwọn aránṣọ yòókù ń fi dáná, òun ló fi to kọ́tìnnì: búlúù onílà, àwọ̀ ewé, àwọ̀ àlùkò, ti iléèwé mẹ́tàdínlógún. Ó ń na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí ọba ń ka orúkọ ìjòyè. Ẹní tó tẹ́ sílẹ̀, àpò ìrẹsì ni ó tú, tó hun padà. Òdòdó fèrèsé, inú kẹ́ẹ̀gì òróró ló gbìn ín sí.

"Táyà tí Bùrọ̀dá Àkànní jókòó lé yẹn, ẹsẹ̀ ọkọ̀ agbégi ni. Okùn ni mo wé mọ́ ọn. Ẹ wò ó bó ṣe gbé wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ."

"Ó gbé mi dáadáa," ni Àkànní wí. Àkàrà wà lẹ́nu rẹ̀.

"Omi ńkọ́, mà?" ni Olúwakẹ́mi bi í. "Ṣé ó máa ń yọ?"

"Omi? Ojoojúmọ́."

"Òjò ńkọ́? Ṣé kì í wọlé?"

"Ó máa ń wọlé tẹ́lẹ̀. Èmi àti Ṣọlápé la gun òkè lọ dí i."

Ẹ wo ayé. Wọ́n gbé ẹran lọ sọ́jà, ẹran náà ló ń polówó ara rẹ̀.

Ṣọlápé, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò. Yorùbá ń wọ etí ọmọ náà dáadáa, ṣùgbọ́n kì í gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ó fa ìyá rẹ̀ láṣọ.

"Mummy, this aunty dey measure our window."

"Pa ẹnu ẹ dé. Àlejò ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ẹ, o ní ó ń wọn fèrèsé."

Àmọ́ òótọ́ ni ọmọ sọ. Obìnrin báǹkì na ọwọ́ láti àtàǹpàkò dé ìka kékeré, ó ń fi í rìn lára fèrèsé bí ìdin. Ó wọ̀n ọ́n tán, ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o. Ṣé ẹ máa fi kọ́tìnnì yìí sílẹ̀ fún mi ni, àbí ẹ ó kó o dání bí ẹ bá ń kó lọ níparí oṣù?"

Àkàrà ẹnu Àkànní dúró síbi tó dé.

"Kó lọ síbo?" ni Èyítọ́pẹ́ wí.

Olúwakẹ́mi wo Àkànní. Àkànní wo òdòdó inú kẹ́ẹ̀gì bí ẹni tó fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ mọ̀," ni obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ ti relẹ̀. "Bùrọ̀dá Àkànní ló fi fọ́tò ilé yìí ránṣẹ́ sí mi ní Àkúrẹ́. Mo ti sanwó ọdún kan. Wọ́n ní kí n wá fojú ara mi rí i kí n tó kó ẹrù dé."

Èyítọ́pẹ́ rántí fọ́tò náà. Àkànní ní òun fẹ́ fi han ẹgbẹ́, kí àwọn obìnrin yòókù lè kọ́gbọ́n. Èyítọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ló sún òdòdó súnmọ́ fèrèsé kí ó lè hàn. Ó tilẹ̀ ní kí Àkànní tún un yà nítorí pé etí kọ́tìnnì ká kò.

"Bùrọ̀dá Àkànní."

"Màmá Ṣọlá, sùúrù la ó fi ṣe é." Ó gbé àkàrà náà mì tipátipá. "Láńlọ́ọ̀dù ló wá lọ́jọ́ kan tí ẹ ò sí nílé, ó rí i, ẹnu yà á. Ó ní ilé òun ti yàtọ̀. Ó ní owó ilé tó burẹ́wà kọ́ ni wọn ó máa san lórí ilé tó rẹwà. Ìlọ́po méjì ló ń bèèrè."

"Ta ló fún un lẹ́wà?"

"Ẹ̀yin ni. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ara ilé rẹ̀ náà ṣáà lẹ fi ẹwà náà sí."

Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Irú rẹ̀ ló pọ̀ nígboro: ayálégbé á fi òógùn ojú tún ilé onílé ṣe, onílé á sì fi ẹwà ilé náà lé e síta. Bí o bá bá ajá ẹlòmíràn yọ ẹ̀gbọn, ẹni tó ni ajá kì í tìtorí ẹ̀ gbowó lọ́wọ́ ẹ.

Mama Osas, obìnrin Ẹ̀dó tó ń gbé yàrá kejì, ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà lọ́wọ́. Kò kan ilẹ̀kùn. Ìró ọ̀rọ̀ ló pè é.

"I no tell you, Mama Shola? That time wey you dey rub wall, I talk am. See my own, black like chimney. Eight years I dey inside, nobody ask me question."

Ó rí àga kan, ó jókòó, ó ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni Akíntáyọ̀, ọkọ Èyítọ́pẹ́, wọlé. Ekiadolor ló ti ń bọ̀, ní iléèwé tó ti lọ bá wọn ṣọ́ ìdánwò láti ìdájí. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, irú èyí tí ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀kùn bó bá kọlù ú. Ó wo Àkànní, ó wo àlejò, ó wo ojú aya rẹ̀, ó sì ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

"Wọ́n ti ta ilé mọ́ wa lórí," ni Èyítọ́pẹ́ wí. "Àkànní ti gbowó lọ́wọ́ àlejò yìí. Ìparí oṣù."

Ẹ̀yin tó mọ Akíntáyọ̀, ẹ ò ní gbà gbọ́. Ó bú ramúramù. Ó ní, "Àkànní, ìwọ? Ìwọ tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu? Ta lo bá sọ̀rọ̀? Ta lo fún níwèé? Ṣé ẹran la jẹ́, tí wọn ó kàn tú wa lókùn?" Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ lé orí tábìlì. Ó ká apá ẹ̀wù sókè. Mama Osas gbé abọ́ ẹ̀wà kúrò lójú ìjà. Ara Èyítọ́pẹ́ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀; ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, ó kéré tán, mo lọ́kọ.

Àkànní kò dìde lórí táyà. Ó ṣí fáìlì rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bùrọ̀dá Táyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ so aago yín padà. Ọwọ́ ta nìyí?"

Ìwé kan ni. Èyítọ́pẹ́ ló gbà á. Ó kà á láti òkè délẹ̀: pé àwa ayálégbé gbọ́, pé a gbà, pé a ó ti kó jáde kí oṣù tó parí. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìfọwọ́sí kan wà níbẹ̀ tó ní ìrù gígùn bí aláǹgbá. Ó mọ ìrù náà. Òun ló wà lórí ìwé ìgbéyàwó wọn.

Ó wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ó tún un wò.

"Ọjọ́ kẹrin," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé."

Akíntáyọ̀ ń tú apá ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Sátidé tó kọjá la jọ erùpẹ̀. O ti fọwọ́ sí i pé a ń lọ, o sì jókòó tì mí lẹ́yìnkùlé láti àárọ̀ dọ́sàn-án, ò ń jọ erùpẹ̀. O ní kí n rọra, kí ẹsẹ̀ mi má yọ̀ lórí àga. O ní àwọ̀ rẹ̀ wù ẹ́."

Ṣọlápé gbé orí sókè. Kò gbọ́ ọ rí kí ìyá rẹ̀ pe bàbá rẹ̀ ní "o".

"Mi ò fẹ́ ba ayọ̀ ẹ jẹ́ ni," ni ọkùnrin náà wí. "Inú ẹ ń dùn. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá ibòmíràn. Mo sì ti rí i, lọ́nà Ekiadolor, kò jìnnà síbi iṣẹ́ mi. Kò tíì ní sílìn, ògiri rẹ̀ ṣì rí jágajàga, ṣùgbọ́n..."

Ó dákẹ́. Bí Àkànní náà bá dákẹ́, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ àkàrà onílé tán a máa fẹ́ fi ìròyìn ayọ̀ san án.

"Ṣùgbọ́n a ti bá onílé tọ̀hún sọ̀rọ̀, Màmá Ṣọlá. A fi fọ́tò tibí hàn án. Ó ní bí ẹ bá lè tún tòun ṣe báyìí, òun á dín owó ọdún àkọ́kọ́ kù. Bùrọ̀dá Táyọ̀ sì ti gbà. Ẹ ò rí i pé àǹfààní ni? Ọwọ́ yín ni dúkìá yín."

"Ọdún àkọ́kọ́," ni Èyítọ́pẹ́ wí. "Ọdún kejì ńkọ́?"

Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ẹsẹ̀.

"Ẹ ó tún wá ya fọ́tò," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Mama Osas kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbé àárín wọn pẹ́ tó láti gbọ́ èyí tó tó. Ó ju ẹ̀wà burúkú kan sọ́nà ìta.

"So na you be the bucket of paint," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Dem just dey carry you from house to house."

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Èyítọ́pẹ́ ká ìwé náà, ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sunkún. Gbogbo wọn ló dúró de ẹkún náà, àní Àkànní ti pọ́n ẹnu lá kí ó lè kí i pẹ̀lẹ́. Ó kàn yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣọlápé, gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wá. Mú ìgbálẹ̀ àgbàlá náà dání."

Wọ́n rò pé ó fẹ́ gbálẹ̀ ni. Ó ti ìgbálẹ̀ bọmi, ó gbé e sókè, ó sì fà á lára ògiri pálọ̀ láti òkè wá sílẹ̀.

Erùpẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà. Ibi tó ti wá ló ń padà sí. Omi pupa ń ṣàn wálẹ̀. Níbi tó ti ṣí, ògiri àtijọ́ yọjú, dúdú, ó ń bó bí awọ ejò, ó sì sán láti igun kan dé èkejì. Akíntáyọ̀ ní, "Ìyá Ṣọlápé." Ó tún ní, "Ìyá Ṣọlápé." Ìgbálẹ̀ ń lọ.

Àkànní ti ń pe láńlọ́ọ̀dù lórí fóònù, ó sì jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ, bóyá obìnrin yìí yóò bẹ̀rù.

"Oga, she dey wash the wall."

"Which wall?" Ohùn bàbá náà kún pálọ̀. "My fine red wall? Tell that woman make she no touch my wall."

"Oga sir, good morning," ni Èyítọ́pẹ́ dá a lóhùn, kò dáwọ́ dúró. "Your wall dey here, I no touch am. Na my own sand I dey carry."

Ó kúrò níbi ògiri, ó bọ́ sí fèrèsé. Ó tú kọ́tìnnì. Férémù fèrèsé tí ikán ti jẹ tán, tí iléèwé mẹ́tàdínlógún ti ń bá a bo àṣírí, wá dúró níhòòhò. Ó ká ẹní. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó fọ́ lábẹ́ rẹ̀ la ẹnu. Ó kó kẹ́ẹ̀gì òdòdó síta. Lẹ́yìn náà ló wá dúró níwájú akọ̀wé ẹgbẹ́.

"Ẹ dìde, Bùrọ̀dá Àkànní. Táyà mi lẹ jókòó lé."

Ó dìde. Kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè ṣe.

Olúwakẹ́mi dúró láàárín ilé, ó gbé bàtà rẹ̀ sókè kúrò nínú omi pupa, ó ń wo ògiri, ó ń wo fèrèsé, ó ń wo ilẹ̀.

"Bùrọ̀dá Àkànní, ilé wo lẹ gbowó lé lọ́wọ́ mi?"

"Ilé yìí náà ni. Bí ẹ bá kun ún..."

"Ẹ dá owó mi padà. Lónìí." Ó yíjú sí Èyítọ́pẹ́, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá má fẹnu kan àkàrà yín."

"Àlejò lo jẹ́, àbúrò mi. O ò ṣẹ̀ mí."

Obìnrin náà jáde. Àkànní tọ̀ ọ́ lẹ́yìn wéréwéré bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, fáìlì lábẹ́ apá, ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Mama Osas tẹ̀ lé wọn dé gáàtì kí ó lè gbọ́ ìyókù.

Kí oòrùn tó rọ̀, láńlọ́ọ̀dù pe Akíntáyọ̀. Ó ní obìnrin báǹkì ti gbowó rẹ̀ padà. Ó ní òun ti rán ènìyàn wá yọjú, ẹni náà sì ti ròyìn bí ilé ṣe rí. Ó ní òun ò lè fi ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ lọ, owó àtijọ́ ni kí wọ́n máa san.

Akíntáyọ̀ sáré wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín títí dé etí.

"A ti borí. O gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Ó ní ká dúró, owó àtijọ́." Ó wo ògiri náà, ó fi ọwọ́ pa á, ọwọ́ rẹ̀ dúdú. "Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá tún bá ẹ jọ erùpẹ̀ mìíràn. Bó bá jẹ́ péèlì mẹ́wàá, màá jọ̀ ọ́."

Èyítọ́pẹ́ ń di kọ́tìnnì sínú àpò Ghana-must-go. Ó di ẹní mọ́ ọn. Ó so ẹnu àpò náà ní kókó méjì, ó gbé e rù, ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó padà dé, kò sí ẹrù lórí rẹ̀ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó tẹ ẹ̀bà. Ó gbé ti ọkọ síwájú ọkọ pẹ̀lú omi ìfọwọ́ àti ẹja tó tóbi jù, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Kò fi ẹ̀tọ́ kankan dù ú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí pálọ̀. Ilé tí kò ní kọ́tìnnì, tí kò ní ẹní nílẹ̀, ohùn kì í ríbi fara rọ̀ níbẹ̀.

Akíntáyọ̀ bu òkèlè, ó gbé e mì, ó nu ẹnu.

"Ìyá Ṣọlápé, ọbẹ̀ yìí dùn o."

*Dùn o,* ni ògiri wí.

Ó dúró, ó retí kí ẹlòmíràn dáhùn. Ó bu òkèlè kejì, kò gbé e dé ẹnu.

"Ṣé o gbọ́ mi?"

*Gbọ́ mi?*

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ṣọlápé. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì pẹ̀lú ẹ̀bà. Èyítọ́pẹ́ fa egungun inú ẹja ọmọ yọ, ó gbé e sí etí abọ́, ó bu òkèlè tirẹ̀, ó sì ń jẹun lọ.